Ẹni Tó Di Ìgbálẹ̀ Mú

Ọjọ́ tí Màhálà kọ́kọ́ fojú kan Ṣádírákì, ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, Màhálà sì ń fẹ́ ọkùnrin mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá àdídùn nínú ìtàn yìí tètè mọ ibi tó jókòó sí.

Ayé ẹrú ni, ní ìpínlẹ̀ Kẹ̀ńtọ́kì níbí. Kò sí pásítọ̀, kò sí òrùka, kò sí ìwé. Olówó Màhálà gbà á láyè kó fẹ́ Ánsẹ́lì Tọ́lífà, ẹrú oko kejì, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí iṣẹ́ bá ti parí. Níwájú ilé ẹrú, ẹni méjì á di ìgbálẹ̀ onígi gígùn mú lórí méjèèjì, tọkọtaya á so ọwọ́ pọ̀, wọ́n á fò ó. Ó parí. Àwọn tó bá ti fò ó ti di tọkọtaya nìyẹn, bí ojú ọ̀run ń ṣú, bó ń là.

Ṣádírákì ni ọ̀rẹ́ tó sin Ánsẹ́lì wá. Alágbẹ̀dẹ ni, àyà rẹ̀ fẹ̀, ẹṣin tó ta á nípàá sì ti jẹ́ kó máa tiro. Òun ni wọ́n ní kó di orí kan mú, ló bá gbé ìgbálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún.

"Ọ̀gbẹ́ni," Màhálà ní, "ṣé ẹṣin ló máa fò ó ni àbí èèyàn?"

"Wọ́n sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ìyàwó gùn ni."

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jọ̀ọ́, kí n tó fi gbá ìwọ alára dànù."

Gbogbo ilé ẹrú bú sẹ́rìn-ín. Ṣádírákì sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀. Màhálà àti Ánsẹ́lì fò ó, wọ́n pín búrẹ́dì àgbàdo, ilẹ̀ ṣú.

Àṣà kan tún wà nígbà náà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí òun ló kó bá wọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló ń gbé oko ọ̀tọ̀, olówó wọn kì í sì í sábà fún wọn níwèé ìrìnnà. Bí ọmọ wọn bá fẹ́ ṣèrìbọmi, tàbí tí àna wọn kú, tí wọn ò sì lè wá, ọ̀rẹ́ wọn á mú fìlà wọn wá, á dúró ní ipò wọn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí. Ibi tí fìlà bá ti wà, ọkọ wà níbẹ̀.

Ogun dé. Ánsẹ́lì sá lọ wọṣẹ́ ọmọ ogun ìjọba, ó sì fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀ fún Ṣádírákì nítorí wọ́n fẹ́ fún un ní ti ológun. "Bá mi máa bojú tó o," ó ní, kò sì sọ bóyá fìlà ló ń wí tàbí ìyàwó. Ibà pa á ní ibùdó kó tó yìnbọn kankan. Oyún ọmọ rẹ̀ wà nínú Màhálà.

Òmìnira dé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìkéde sì jáde pé gbogbo ẹni tó ti ń ṣe tọkọtaya láyé ẹrú kó wá dúró níwájú akọ̀wé ní kóòtù káńtì, ìyẹn kóòtù àgbègbè, kí wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé, kí àwọn ọmọ wọn lè di ọmọ tòótọ́ lójú òfin. Màhálà pọn Lúsíńdà ọmọ rẹ̀, ó di ilé arọ níbi tí Ṣádírákì ti ń rọ irin.

"Ṣé ọmọ Ánsẹ́lì ló máa wá di ọmọ tí kò ní bàbá?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Fìlà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà nínú àpótí. Mo máa ń gbọn eruku ara rẹ̀."

"Mú un, jẹ́ ká lọ."

Ta ló sọ fún wọn pé kóòtù kì í ṣe ilé ẹrú? Kò sẹ́ni tó sọ. Èrò tò lọ rẹrẹ níwájú kóòtù lọ́jọ́ náà, akọ̀wé kò tilẹ̀ gbórí sókè.

"Orúkọ?"

"Ánsẹ́lì Tọ́lífà, àti èmi Màhálà, sà."

"Ṣé ẹ gbà pé tọkọtaya ni yín?"

Ṣádírákì na fìlà síwájú. "Mo dúró fún un ni, sà."

"Mi ò béèrè àlàyé. Ẹ gbà àbí ẹ ò gbà?"

"A gbà, sà," ni Màhálà wí, ojú rẹ̀ ń bẹ lára fìlà.

Akọ̀wé kọ ọ́. Màhálà sunkún ayọ̀ délé, ó ní Ánsẹ́lì lè sùn dáadáa báyìí.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn dàgbà. Màhálà ń fọṣọ fún àwọn aláwọ̀ funfun, ọṣẹ eérú jẹ ọwọ́ rẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí èèpo igi. Ṣádírákì ń la igi fún un, ó ń jẹun nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè àti ànàmọ́ inú eérú. Lẹ́yìn oúnjẹ, á gbé fìlà tirẹ̀, á lọ. Wọ́n ti fi í ṣe díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí irọ́ kan tó jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Kódà tí àwọn aláwọ̀ funfun bá ń jà lórí ẹṣin tí wọ́n tà fúnra wọn, "Ẹ lọ bi Ṣádírákì" ni wọ́n máa ń sọ.

Lọ́jọ́ kan ó bá Màhálà nídìí ìkòkò ìfọṣọ, ó dúró bí ẹni tó jẹ gbèsè.

"Màhálà, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Sọ ọ́ kí omi mi tó tutù."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ó ti pẹ́."

Màhálà kò sinmi aṣọ rírò. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó o ní kí n sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró báyìí. Ó nu ojú pẹ̀lú apá, ooru omi ló fi ṣe àwáwí. "Òpònú," ó ní. "Kí ló dé tó o fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ṣebí o lè gbé e ga síbẹ̀, kí n má rí i fò?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni Ánsẹ́lì."

"Mo mọ̀. Ọkọ mi ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. "Ṣádírákì inú Bíbélì, iná kò jó o. Tìrẹ ti jó irùngbọ̀n, ó ti jó ojú àwọ̀, kò sì jẹ́ kó o lẹ́nu ọ̀rọ̀. Màá fẹ́ ọ, adúmáradán mi. Jẹ́ ká ká ewé tábà tán ná."

Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó gbàgbé àáké rẹ̀ síbẹ̀, ó sì tiro dé ilé arọ kó tó rántí. Wọn kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ju Lúsíńdà lọ nígbà tí omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Lúsíńdà ti rí ẹni tó fẹ́ ẹ, ọmọ Pásítọ̀ Pẹ́tífà. Ìyàwó pásítọ̀ kò ṣe ẹrú rí láyé rẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Ó wá sílé Màhálà, ó wo àga kó tó jókòó.

"Ọmọ yín dára," ó ní. "Ó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa á bi mí pé ọmọ ta ni. Ṣé kí n wí fún wọn pé ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi bí i?"

"Èèyàn ni wọ́n fi bí i, mà. Ìgbálẹ̀ kì í lóyún."

"Ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní ìjọba ń fún àwọn opó ọmọ ogun lówó, wọ́n sì ń fún wọn níwèé pé opó tòótọ́ ni wọ́n. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ti kóòtù káńtì tí gbogbo ẹrú ní. Bí mi ò bá rí i, ọmọ mi ò níí fẹ́ ẹ."

Nígbà tó lọ tán, Lúsíńdà wó lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Màámi, kì í ṣe owó ni mo ń wá. Mi ò rí bàbá mi rí. Mi ò ní àwòrán, mi ò ní sàréè. Ẹ jẹ́ kí n ní orúkọ rẹ̀."

Kí ni ìyá fẹ́ sọ sí ìyẹn? Òfin owó opó sì yé gbogbo èèyàn: opó tó bá fẹ́ ọkọ mìíràn, tàbí tó ń bá ọkùnrin gbé láìfẹ́ ẹ, tirẹ̀ ti bọ́. Màhálà lọ bá Ṣádírákì ní ilé arọ.

"Jẹ́ kí ìwé yẹn jáde ná," ó ní. "Lúsíńdà á wọlé ọkọ, lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa gbé owó wọn lọ. Màá fẹ́ ọ níṣojú gbogbo ayé. Ṣé wàá lè dúró?"

"Ìgbà wo ni mi ò dúró rí?"

Ìwé lọ, ìwé bọ̀. Ìkórè kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣáà ń sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò mọ̀ pé ó tún lè bá ẹni tí kò parọ́ rárá. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí ìjọba rán gun ẹṣin dé ẹnu ọ̀nà Màhálà, olùwádìí owó opó, Ọ̀gbẹ́ni Wíkẹ́tì. Èèyàn búburú kọ́. Ikọ́ ń da á láàmú, ó gba omi mu, ó dúpẹ́.

"Antí Màhálà," ó ní, "ìwé ológun sọ pé ọkọ rẹ kú sí ibùdó kí ogun tó parí. Ìwé káńtì yín sọ pé lẹ́yìn tógun parí, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí kóòtù, ó sì gbà pé ìwọ ni ìyàwó òun. Èwo ni irọ́ níbẹ̀?"

Màhálà ṣàlàyé fìlà. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí, kálámù rẹ̀ dúró lójú kan.

"Fìlà?"

"Fìlà ni, sà."

"Ta ló mú fìlà náà dání?"

Ó ti yé Màhálà báyìí pé kíkọ òkú bí alààyè sínú ìwé kóòtù lè gbé èèyàn dẹ́wọ̀n. Tó bá dárúkọ Ṣádírákì, ó ti tà á. Tí kò bá dárúkọ rẹ̀, òpùrọ́ ni òun, Lúsíńdà sì di ọmọ àlè nínú ìwé ìjọba.

"Èmi ni, sà."

Ṣádírákì ló ń ti ẹnu géètì wọlé bọ̀. Ó ti rí ẹṣin àjèjì láti ojú ọ̀nà. Ó ṣí fìlà, ó dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Wíkẹ́tì wò ó. "Ìwọ ni alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ní kì í parọ́? Funfun ni, dúdú ni, gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Gbé ọwọ́ lé Bíbélì."

Ó gbé e lé e. Ó sọ bí wọ́n ṣe fi fìlà rọ́pò ọkọ. Ó ní kò sí ẹni tó fẹ́ tan ìjọba jẹ, òun nìkan lòun jẹ̀bi, kí wọ́n mú òun. Wíkẹ́tì wúkọ́, ó ní òun kò wá mú ẹnikẹ́ni.

"Ìgbálẹ̀ tí wọ́n fò yẹn, ṣé eré ni àbí ìgbéyàwó?"

"Ìgbéyàwó ni, sà. Ẹni bá fò ó ti ṣègbéyàwó níwájú Ọlọ́run, títí ikú. Mo di orí kan mú, mo sì fi Bíbélì yìí búra."

"Ó dáa. Kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí ìwọ fúnra rẹ?"

Lúsíńdà yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ni, sà."

"Wọ́n ní ò ń jẹun níbí lọ́jọ́ Àìkú. Bí àdéhùn kan bá wà láàrin yín, mo máa kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀gá mi á sì rò ó bó ṣe wù wọ́n. Ṣé ó wà?"

Ṣádírákì wo Lúsíńdà. Ó ti gbé ọmọ yẹn jó nígbà tí kò tíì léyín. Kò wo Màhálà rárá.

"Kò sí nǹkan kan láàrin wa, sà. Kò sí rí. Kò sì ní sí."

"Antí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó ń ṣe Màhálà bíi kó pariwo. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní. Ó fa àmì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé, Ṣádírákì fa tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn lórí ìwé yẹn ju bí àwọn fúnra wọn ṣe tún sún mọ́ra mọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Màhálà gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò rí ẹni jẹ ẹ́. Ó gbé e, ó lọ sí ilé arọ. Ẹwìrì ti tutù. Ṣádírákì ń di irinṣẹ́ sínú àpò.

"Wọ́n ní o dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì padà fún pásítọ̀."

"Díákónì kan kì í parọ́ lórí Bíbélì."

"Nítorí ọmọ mi lo ṣe parọ́. Ọlọ́run náà mọ̀."

"Ó mọ̀. Èmi náà mọ̀." Ó so ẹnu àpò. "Mò ń sọdá odò, Màhálà. Mo ti rí iṣẹ́ ní ìhà kejì."

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Wò ó, ọ̀rọ̀ tí mo sọ, irọ́ ni lónìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, tí mi ò padà wá, díẹ̀díẹ̀ á máa di òótọ́. Ọ̀nà kan tí mo mọ̀ tí mo fi lè tún un ṣe nìyẹn."

"Orí rẹ ti dàrú!" Màhálà ju abọ́ oúnjẹ mọ́lẹ̀. "Ta ló sọ pé kó o jẹ́ olóòótọ́ tó báyìí? Ààyò mi, má lọ. Mo bẹ̀ ọ́."

Ṣádírákì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa ànàmọ́ nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nù ún sára aṣọ, ó jẹ ẹ́ tán níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó lọ.

Ìwé jáde. *Màhálà, opó Ánsẹ́lì Tọ́lífà.* Ìyàwó pásítọ̀ kà á sókè ketekete fún àwọn àlejò lọ́jọ́ ìgbéyàwó Lúsíńdà, ó sì pe Màhálà ní "àna mi ọ̀wọ́n" níṣojú gbogbo wọn. Màhálà fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun jáde.

Lúsíńdà rí i. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, tó sọ ọ́ ní Ánsẹ́lì, ó mú ìyá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. "Màámi, èmi ti rí tèmi gbà. Ẹ lọ bá a."

Màhálà wọ ọkọ̀ ojú omi, ìgbálẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rò ó dáadáa. Bí wọ́n bá ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, Wíkẹ́tì á gbọ́, á sì mọ̀ pé wọ́n parọ́. Wọ́n á tún ìwé yẹn gbé yẹ̀ wò, orúkọ Lúsíńdà àti ti ọmọ rẹ̀ á bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀? Ta ló ń kọ ìgbálẹ̀ sínú ìwé?

Ó bá Ṣádírákì níwájú ilé onígi kan létí odò. Irun rẹ̀ ti funfun. Nígbà tó rí i, ọmọ owú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ti rù," Màhálà ní. "Ta ló ń se oúnjẹ fún ọ?"

"Èmi ni. Oúnjẹ ọ̀hún ò dáa."

"Mo ti mọ̀." Ó na ìgbálẹ̀ sí i. "Jẹ́ ká fò ó. Ìwọ àti èmi. Kò sí pásítọ̀, kò sí akọ̀wé. Ìjọba kò ka ìgbálẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni ò níí mọ̀."

Ṣádírákì wo ìgbálẹ̀ náà pẹ́.

"Ìjọba ti kà á sí," ó ní. "Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n kà á sí. Èmi ni mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì pé ẹni bá fò ó ti ṣègbéyàwó níwájú Ọlọ́run. Òótọ́ tó ga jù nínú ẹ̀rí mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, Màhálà. Òun ni Lúsíńdà dúró lé. Bí a bá fò ó, ìyàwó mi ni ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, wọ́n á bi ọ́ ní kóòtù bóyá o ti lọ́kọ. Kí lo máa wí?"

"Màá parọ́."

"Èyí tí mo pa ti tó àwa méjèèjì."

"Mo kórìíra rẹ," Màhálà wí, omijé ń bọ́ sí i lẹ́nu. "Mo kórìíra ìwé yẹn. Mo kórìíra Ánsẹ́lì tó kú."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Ó kéré tán, di orí kan mú."

Ó di orí kan mú. Màhálà di orí kejì. Wọ́n rẹ ìgbálẹ̀ náà sílẹ̀ dáadáa, kò ga jù, bí èèyàn á ṣe lè fò ó. Kò sẹ́ni tó máa fò ó. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí fèrè ọkọ̀ fi fọn, Màhálà sì gba ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó padà sílé.

Ìgbà òtútù ni òtútù àyà pa Ṣádírákì. Níbi ìsìnkú, pásítọ̀ ìhà ibẹ̀ béèrè pé àwọn wo ni ẹbí olóògbé, kí wọ́n bọ́ síwájú. Ẹnikẹ́ni kò bọ́ síwájú. Màhálà wà lẹ́yìn láàrin àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ẹnu ara rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbá orí sàréè náà mọ́ bí àwa ti máa ń ṣe fún òkú wa, ó ṣa gbogbo ewé kúrò.

Ọjọ́ owó opó kò pẹ́ dé. Ó wọ aṣọ dúdú lọ sí kóòtù. Akọ̀wé tuntun ni, ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ń bi í léèrè bí wọ́n ti máa ń béèrè.

"Ìwọ ni opó Ánsẹ́lì Tọ́lífà?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o ti fẹ́ ọkọ mìíràn?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ọkùnrin kankan wà láyé rẹ?"

"Kò sí mọ́, sà."

Ọmọkùnrin náà gbórí sókè, ó rí aṣọ dúdú. "Háà, pẹ̀lẹ́ o, Antí. Ta ló kú?"

Màhálà gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa àmì rẹ̀.

"Ẹni tó di ìgbálẹ̀ mú níbi ìgbéyàwó mi ni, sà."